Mo Gbé Ẹjọ́ Ọ̀pẹ Àgàn Dé Màléṣíà

Kí n tó kúrò nílé, kò sí ẹni tí ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́ ní àdúgbò wa. Bí mo bá bu omi fún àlejò, yóò ní òǹgbẹ kò gbẹ òun. Bí mo bá fún ọmọ aládùúgbò ní ọsàn, ìyá rẹ̀ yóò gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, yóò sì rọra gbé e kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni gbé ẹyin. Ẹ̀yin ará Ìlútítun àti Òkìtìpupa tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi náà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, Bíbélì ló kọ́ mi ní ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rẹ́ jẹ kì í dúró kí ó di ọ̀mọ̀wé kí ó tó sọ tẹnu rẹ̀.

Èyí ni ẹjọ́ náà. Mo ní ọ̀pẹ àgíríìkì díẹ̀ lẹ́yìn ilé, èyí tí mo gbìn nígbà tí ìyá Bọ́sẹ̀ ṣì wà láyé. Ẹyìn wọn lẹ́ran lára, èèpo ekùrọ́ wọn sì fẹ́lẹ́ débi pé eyín ọ̀dọ́ lè fọ́ ọ. Àwọn ará ìjọ wa bẹ̀ mí pé kí n fún àwọn ní irú rẹ̀. Mo ṣa èso tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ náà, mo gbìn wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, mo bomi rin wọ́n, mo sì pín wọn fún ènìyàn láìgba nǹkan kan. Nítorí pé wọ́n gbà pé ọwọ́ mi tutù, èmi ni wọ́n máa ń pè sí oko tuntun kọ̀ọ̀kan kí n fi àkọ́kọ́ sínú ilẹ̀, bí àṣà wa ti rí. Èmi náà ni mo ń lu agogo nínú ìjọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju bí mo ti lè sọ lọ.

Nígbà tí àwọn ọ̀pẹ wọ̀nyí dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn so. Ṣùgbọ́n nínú oko gbogbo ẹni tí mo fún, àwọn kan wà tó ga, tó dúdú mìnìjọ̀, tó lẹ́wà lójú ju àwọn yòókù lọ, tí ìdì ẹyìn wọn sì ń jẹrà kí ó tó pọ́n. Bàbá Ṣọlá, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe, ni irú rẹ̀ pọ̀ jù ní oko rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé ọwọ́ mi ló wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìran jáde nínú ìsìn pé ọwọ́ tó gbin igi náà ló ń ká èso rẹ̀ jẹ níbi tí ojú kò tó. Wòlíì wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún títí di òní, ní kí n gbé agogo sílẹ̀, kí n bọ́ aṣọ funfun, kí n máa jókòó lẹ́yìn títí Ọlọ́run yóò fi sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó pè mí ní oṣó lójú mi. Wọ́n kàn dẹ́kun gbígba nǹkan lọ́wọ́ mi.

Inú ipò yìí ni mo wà nígbà tí Bọ́sẹ̀ ọmọ mi bímọ ní Màléṣíà, níbi tí Olúmidé ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kò sí láyé mọ́, ó sì fẹ́ kí àgbà kan gbé ọmọ náà lọ́wọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo lọ.

EPO TÍ WỌN KÒ MỌ̀

Kí ọkọ̀ òfúrufú tó balẹ̀ ni ẹ̀rù àkọ́kọ́ ti bà mí. Mo wolẹ̀ láti ojú fèrèsé, mo rí igbó. Bí a ti ń sún mọ́ ilẹ̀, mo rí i pé igbó náà ní ìlà, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó tò ní àárọ̀. Ọ̀pẹ ni. Ọ̀pẹ lápá ọ̀tún, ọ̀pẹ lápá òsì, ọ̀pẹ títí dé ibi tí ojú mi ti kọ̀ láti lọ mọ́. Àwa tí a ń pe ara wa ní onílẹ̀ ọ̀pẹ, ojú tì mí fún wa.

Obìnrin kan tó wé ìborí ló tú ẹrù mi wò ní ibùdókọ̀ òfúrufú náà. Ó yẹ púpurú mi wò, ẹ̀gẹ́ tí àwa máa ń fi èéfín yan, ó gbọ́ òórùn èéfín tó wà lára rẹ̀, ó sì jọ pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló fa ìgò epo mi jáde.

"Kí ni èyí?" Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí mo gbọ́ tó ìyẹn.

"Epo ọ̀pẹ ni."

Ó gbé e sókè síbi iná. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń wò ó. "Kì í ṣe epo ọ̀pẹ, Pak Cik," ni ó wí. Báyìí ni wọ́n ń pe ẹni tó bá tó àbúrò bàbá wọn. "Epo ọ̀pẹ mọ́ bí omi. Àwa la ni ín. A mọ̀ ọ́n."

Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìyá rẹ̀ kọ́ ló bí i. Ní ilẹ̀ tí mo ti rí ọ̀pẹ ju ènìyàn lọ, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè kò mọ epo nígbà tó rí i. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún nà án sí mi, ó fi ọwọ́ òsì ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa. Mo gbà á, mo sì ń wo ọwọ́ mi tí kò bẹ̀rù náà títí mo fi jáde. Olúmidé tó ń dúró dè mí ní ìta ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ń wo ọwọ́ yín?" Mo ní kò sí nǹkan.

Ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ ní àárọ̀ níbẹ̀. Omi àgbọn ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n á wé e sínú ewé bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín, wọ́n á fi ẹja gbígbẹ kéékèèké sí i pẹ̀lú ata tó dùn bíi ṣúgà. Ata tó dùn. Mo jẹ ẹ́ nítorí pé ọmọ mi ń wò mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bèèrè ọbẹ̀ ẹyìn, Bọ́sẹ̀ bú sẹ́rìn-ín títí tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ fi jí.

"Bàbá, kò sí ẹni tó ń se é níbí. Wọ́n máa ń fọ pupa rẹ̀ dànù ni."

"Wọ́n fọ pupa epo dànù? Kí ló wá kù?"

"Èyí tí wọ́n ń tà fún wa nílé nínú rọ́bà, tí ẹ ń pè ní òróró."

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀.

ILÉ ÒWÌWÍ

Aládùúgbò wọn ni Pak Cik Hamid, àgbàlagbà tó ní oko ọ̀pẹ tirẹ̀, tó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olúmidé ti gbọ́ èdè wọn, òun ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wa. Bí Pak Cik bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò ní fún ọwọ́ rẹ. Yóò fi ọwọ́ kan tìrẹ díẹ̀, yóò sì gbé e lọ sí àyà rẹ̀, bí ẹni fi nǹkan pamọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá pàdé rẹ ló ń bèèrè bóyá o ti jẹun. Wọ́n ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé, tó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ọmọ ìjọ wa ni gbogbo wọn.

Mo ṣe àṣìṣe kan. Mo na ìka sí ilé kan, mo ń bèèrè ẹni tó ni ín. Pak Cik rọra ká ìka mi kò, ó sì na àtàǹpàkò mi síta dípò rẹ̀.

"Ó ní ìka yẹn wà fún ìbọn," ni Olúmidé wí.

"Sọ fún un pé ní ilé wa, ìka yẹn wà fún mi."

Olúmidé kò túmọ̀ rẹ̀.

Pak Cik mú wa lọ sí oko rẹ̀. Koríko kò sí lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ náà, imọ̀ tí wọ́n gé wà ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Láàárín oko ni mo ti rí àpótí kan lórí òpó gíga, ó ní ẹnu ọ̀nà, ó ní òrùlé. Mo bèèrè, mo sì lo àtàǹpàkò, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

"Òwìwí," ni Olúmidé wí.

Mo ní kí ó tún un bèèrè. Ó tún un bèèrè. Òwìwí náà ni. Eku ń jẹ ẹyìn, òwìwí ń jẹ eku, nítorí náà wọ́n ń kọ́lé fún un.

Ẹ̀yin ará mi, ìyá mi tó bí mi kò dárúkọ ẹyẹ yẹn rí ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó bà lé òrùlé rẹ̀ ní abúlé wa ti gba ẹ̀sùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn wọ̀nyí ń fi pákó tó dára kọ́lé fún un, wọ́n sì ń ka ọmọ rẹ̀ mọ́ ire oko. N kò sún mọ́ òpó náà.

"Kò sì sí ẹni tó fura sí yín?" ni mo bèèrè.

Pak Cik wò mí. "Kí ni wọn yóò fura sí?"

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, lórí imọ̀ gbígbẹ, mo sì ro ẹjọ́ mi fún àjèjì kan lábẹ́ ilé òwìwí. Olúmidé ń túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ sí i, nítorí pé òun náà kò tíì gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí. Mo sọ ti agogo. Mo sọ ti ọsàn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí mo parí, Pak Cik kò sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Ó bi mí léèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni mo ti rí èso tí mo gbìn?

"Lábẹ́ ọ̀pẹ mi. Àwọn tó dára jù."

Àgbàlagbà náà di ojú rẹ̀, ó sì mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ orin náà rí.

EWÉ TÓ Ń JẸ́RÌÍ

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀pẹ wò ni Olúmidé ti ń ṣiṣẹ́. Ó mú mi lọ bá ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, Dókítà Sálímà, ẹni kúkúrú tó ń yára rìn. Àwọn ọmọ ọ̀pẹ tí kò tíì ju ọwọ́ lọ wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá, ìlà lórí ìlà. Obìnrin náà mú ohun kékeré kan tó dà bí èyí tí a fi ń lu ihò sínú ìwé, ó lu ihò kan sára ewé, ó sì ju èyí tó gé jáde sínú ìgò tí kò tó ìka ọmọdé. Ó ní ẹ̀rọ yóò yẹ ẹ́ wò, yóò sì sọ irú ekùrọ́ tí igi náà yóò ní nígbà tó bá dàgbà: eléèpo nípọn, eléèpo fẹ́lẹ́, tàbí aláìléèpo.

"Igi tí kò tíì ní imọ̀?" ni mo bèèrè.

"Igi tí kò tíì ní nǹkan kan, Bàbá," ni Olúmidé wí.

"Aláìléèpo ńkọ́, kí ni ti rẹ̀?"

Olúmidé bi obìnrin náà, ó sì túmọ̀ èsì rẹ̀ fún mi pé, "Òun ni kì í sáàbà so. Ó máa ń ga, ó máa ń dúdú, ṣùgbọ́n ìdì rẹ̀ máa ń jẹrà kí ó tó pọ́n."

N kò tíì sọ fún obìnrin náà bí ọ̀pẹ Bàbá Ṣọlá ti rí. Ó ń júwe rẹ̀ bí ẹni tó ti dúró nínú oko náà.

Dókítà náà ṣàlàyé púpọ̀ tí kò yé mi. Olúmidé rí ojú mi, ó sì fi í sílẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Ó ní, "Bàbá, ẹ rántí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìjọ bèèrè lọ́wọ́ èmi àti Bọ́sẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ká fẹ́ ara wa?"

"Mo rántí. Wòlíì ní AS kò gbọdọ̀ fẹ́ AS."

"Kí ló dé?"

"Nítorí pé ara tọkọtaya lè le, kí ọ̀kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn sì jẹ́ SS."

"Ọ̀pẹ àgíríìkì yín, AS ni. Eléèpo nípọn ni ìyá rẹ̀, aláìléèpo ni bàbá rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyẹn tí èèpo rẹ̀ fi fẹ́lẹ́ tó sì ń so dáadáa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé yín, AS ń gbé pẹ̀lú AS. Ara wọn ni wọ́n ń fẹ́. Èso tí ẹ ṣà nílẹ̀, ọmọ wọn ni. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ló máa jogún bàbá àgbà tí kì í so."

Dókítà náà fi kún un pé àwọn onímọ̀ kò pẹ́ tí wọ́n rí ibi tí ọ̀rọ̀ èèpo náà wà nínú igi gan-an, àti pé kí wọ́n tó rí i, àgbẹ̀ ní láti dúró títí igi yóò fi so, tàbí kí ó kọ̀ láti so, kí ó tó mọ̀. Ó sì kọ́ mi ní ohun kan tí kò nílò ẹ̀rọ. Ó ní kí n gé èso igi àgàn náà nígbà tó bá ń jẹrà: n kò ní bá èèpo líle nínú rẹ̀.

Mo dúró láàárín àwọn ọmọ ọ̀pẹ yẹn, n kò mọ ohun tí n ó fi ọwọ́ mi ṣe. Ìwé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń bèèrè nínú ìjọ mi lójoojúmọ́ ni mo ní láti la òkun kọjá kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú oko mi.

OPÓ NÁÀ

Bí mo ti gbọ́ èyí tán, ó yẹ kí inú mi dùn. Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé kò dùn. Ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ dúró tì wá. Ẹ ti mọ̀ báyìí pé ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ta lẹ fẹ́ padà lọ bá?"

Ilé náà tutù, ọmọ náà ń di ìka mi mú, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yẹn tó ń gbé ohun tí mo bá fún un sẹ́bàá ọ̀nà. Mo ti fẹ́ sọ pé ó dára.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sọ fún Pak Cik Hamid pé ó ṣeé ṣe kí n dúró. Ó da tíì fún mi. Wọ́n máa ń dà á láti òkè sísàlẹ̀, láti ife dé ife, títí yóò fi hó bí ọṣẹ. Ó ní, "Bàbá mi náà ṣa èso nílẹ̀. Gbogbo abúlé wa ló ṣà á. Nígbà tí àwọn kan kò so, wọ́n ní opó kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá oko ló wo igi náà ní ìwòkuwò. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ."

"Nígbà tí ẹ mọ òtítọ́ ńkọ́? Ṣé ẹ lọ mú un padà?"

"Ó ti kú níbi tó lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún un." Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Àwọn tó dàgbà lábúlé ṣì ń pe apá oko yẹn ní orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ rere."

Mo wá fi ojú inú rí apá oko kan ní ilé, tí àwọn ọmọ ọmọ Bàbá Ṣọlá yóò máa fi orúkọ mi pè. Mo mu tíì náà tán. Mo lọ sọ fún Bọ́sẹ̀ kí ó bá mi wá ọjọ́ tí n ó padà. Ó sunkún, ṣùgbọ́n kò bá mi jiyàn.

LÁBẸ́ Ọ̀PẸ BÀBÁ ṢỌLÁ

Nígbà tí mo padà délé, mo bẹ Wòlíì kí ó bá mi dé oko Bàbá Ṣọlá. Ó gbà, àwọn àgbà ìjọ díẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Bàbá Ṣọlá ti dúró dè wá, àdá rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá.

"Òyìnbó dé," ni ó wí. "Kí lo mú bọ̀ fún wa? Ṣé oògùn tí ń mú ọ̀pẹ so ni?"

"N kò mú nǹkan kan wá. Àdá rẹ ni mo fẹ́ kí o lò. Èmi kò ní fọwọ́ kan igi náà."

Mo ní kí ó kọ́kọ́ gé ẹyìn ọ̀pẹ ìbílẹ̀, ti àwọn bàbá wa. Àdá dún lára ekùrọ́ bí ìgbà tó kan òkúta, ó sì ta padà. Mo ní kí ó gé ẹyìn ọ̀pẹ tí mo fún un, ọ̀kan nínú àwọn tó so. Èèpo fẹ́lẹ́ náà fọ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó yọ èso kan nínú ìdì tó ń jẹrà lórí igi àgàn.

"Èyí tó ti bàjẹ́?"

"Òun gan-an."

Àdá náà là á kọjá bí ẹni gé ilá. Bàbá Ṣọlá wo àdá rẹ̀. Ó yọ òmíràn, ó gé e. Ó lọ sí ìdí igi àgàn mìíràn, ó gé tibẹ̀. Kò sí èèpo nínú ọ̀kankan wọn.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Wòlíì. "Bàbá, nígbà tí ọmọ mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, kí lẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀."

"Bí AS bá fẹ́ AS láìmọ̀, tí wọ́n sì bí SS, ṣé ẹni tó fi wọ́n mọ ara wọn ló jẹ ọmọ náà?"

"Rárá o," ni ó wí. "Àìmọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ wọn."

Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn, bí mo ti sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà: bàbá aláìléèpo, ìyá eléèpo nípọn, àti àwọn ọmọ wọn tí ń fẹ́ ara wọn lẹ́yìn ilé mi. Mo ní ọ̀kan nínú mẹ́rin. Àgbà ìjọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi oko náà láti ìlà dé ìlà, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ó padà, ó kàn wo Wòlíì, ó sì mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

"N kò ní sọ pé ìran kò sí," ni Wòlíì wí.

"Èmi náà kò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ìran ní láti ọwọ́ mi ni ó ti wá. Òtítọ́ ni. Láti ọwọ́ mi ni ó ti wá. Kì í ṣe láti inú mi."

"A ó gbé e sínú àdúrà," ni Wòlíì wí, wọ́n sì lọ.

Títí mo fi ń kọ èyí, inú àdúrà ló wà. Ẹlòmíràn ló ń lu agogo, ó sì ń yára lù ú jù. Mo ń bèèrè rẹ̀ padà níbí ní gbangba, pẹ̀lú aṣọ funfun mi. Ìdáláre tí a sọ sí ẹni létí nínú oko kò tó fún ẹ̀sùn tí a kéde nínú ìsìn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣa èso lábẹ́ ọ̀pẹ àgíríìkì yín láti fún aládùúgbò, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ ra èso lọ́dọ̀ àwọn tó mọ bàbá àti ìyá rẹ̀, kí a má ba à tún rí ẹlòmíràn tí a ó lé lọ.

Ní ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn àgbà ti lọ, ó ku èmi àti Bàbá Ṣọlá lábẹ́ igi náà. Ó ń fi koríko nu àdá rẹ̀, ó sì ń nù ún ju bí ó ti yẹ lọ.

"Ìwọ Bàbá Bọ́sẹ̀," ni ó wí, "o la òkun kọjá nítorí ìdì ẹyìn tó jẹrà."

"Nítorí rẹ ni mo ṣe là á."

Ìlàjì èso kan wà nílẹ̀ níwájú mi. Mo mú un, mo nà án sí i. Ó wo èso náà, ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo ojú ọ̀nà tí àwọn àgbà gbà lọ. Lẹ́yìn náà ló ki àdá bọ abẹ́ abíyá, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì fi í sí àpò.